Ìbora Ẹlẹ́ni Méjì

Nígbà tí Tuulikki wọlé láti ìdí igi ápù ẹ̀yìnkùlé, ó bá Kauko ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì ilé ìdáná, tó ń da kọfí sórí aṣọ. Kì í ṣe pé kọfí yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ o, ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ń dà á. Ó ti tẹ́ àwọn àgékù aṣọ kéékèèké sórí ife òfìfo, ọ̀kan le bí awọ, òmíràn rọ̀ bí aṣọ ìnura, ó wá ń kán kọfí sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Kauko, ṣé kò sí o? Kọfí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sè?"

"Omi ò láwọ̀," ni Kauko dáhùn, kò gbójú sókè. "Bí omi bá jò kọjá, mi ò ní tètè rí i. Kọfí ò ṣeé fi pa mọ́."

"Kí lò ń wá gan-an?"

"Ìbora fún Lokki."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú kí Tuulikki gbé agbọ̀n ápù sílẹ̀. Ìbora kẹ̀? Wọ́n mà ní ìbora. Ọdún tí Henna ọmọ wọn kọ́kọ́ wọ iléèwé ni àwọn méjèèjì jọ jókòó sí pálọ̀, tí wọ́n fi aṣọ líle aláwọ̀ ewé rán an, tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì ń ṣẹ́ léraléra títí ó fi sú wọn. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìlú Merikarvia bá ti fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ gbogbo kúrò nínú òkun wá sórí ilẹ̀, aṣọ yẹn ni Lokki máa ń bora títí yìnyín á fi yọ́. Ọkọ̀ onígi ni Lokki. Bàbá Kauko ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni ìbora yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ to igi òrùlé sórí ọkọ̀, kó ga láàárín, kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí òjò dídì má baà ríbi jókòó. Tuulikki ti fi ọ̀dà kọ ipò igi kọ̀ọ̀kan sí i lára. Wọ́n á fa aṣọ bò ó, wọ́n á ṣí ìhà iwájú àti ìdí sílẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá, lẹ́yìn náà ló wá kan okùn. Kauko á dúró lápá kan, Tuulikki lápá kejì, ọkọ̀ á ga láàárín wọn, ẹnìkan ò ní rí ẹnìkejì. Kauko á so okùn mọ́ bàtà rọ́bà àtijọ́ kan tó kún fún yanrìn, á jù ú gba abẹ́ ikùn ọkọ̀.

"Ó ń bọ̀!"

"Mo ti mú un!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ máa ń sọ pé ohùn àwọn méjèèjì làwọn fi ń mọ̀ pé òtútù ti dé lóòótọ́. Kauko yìí náà sì ni ọ̀gá àwọn tó ń fi ìbora ilé iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣòkòtò ló ń lo síìpù," ni yóò máa wí. "Ọkọ̀ mi kì í wọ ṣòkòtò."

"Kí ló ṣe èyí tá a ní?" ni Tuulikki béèrè.

"Ó wúwo."

"Ìgbà wo ni kò wúwo?"

"Ó ti wá wúwo jù." Kauko gbé ọ̀kan nínú àwọn ife náà sókè, ó wo inú rẹ̀. "Èyí ò jò. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èémí jáde pẹ̀lú."

Ó parí síbẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ará Merikarvia ò gbọ́ òwe yẹn rí. Ohun tó bá ń dùn wọ́n gan-an ni wọ́n máa ń fi eyín dè mọ́nú, wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Tuulikki náà ní tirẹ̀ tó fi eyín dè. Lọ́dún tó kọjá, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oríkèé ìka rẹ̀ ti ń wú láti bí ìgbà díẹ̀, lọ́jọ́ yẹn òtútù mú wọn le gan-an. Kauko pariwo pé ó ń bọ̀, bàtà yọ sí i, ó fọwọ́ kàn án, ìka kọ̀ láti dì í mú. Okùn yọ̀ padà, afẹ́fẹ́ gba abẹ́ aṣọ wọlé, odindi ìbora sì ṣubú sínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ayé. Kauko rìn yí ọkọ̀ po, ó gbé aṣọ náà, ó dá okùn gbogbo so. Kò bá a wí. Kò tilẹ̀ sọ pé kò sí wàhálà. Láti ọjọ́ náà ni Tuulikki ti ń ru àìsọ̀rọ̀ yẹn kiri, ìgbà tó sì rí kọfí lórí aṣọ yìí, ó ní hẹn-ẹn, ó ti dé.

Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ìró ayùn láti ẹ̀yìn sáúnà, ilé ìwẹ̀ gbígbóná wọn. Ó wo ojú fèrèsé. Kauko ti kó igi òrùlé Lokki jáde, ó ń gé èyí tó gùn jù, igi àárín gan-an, láti fi ṣe igi ìdáná. Tuulikki rí ìkọ̀wé ara rẹ̀ lára igi náà bó ti ń já sí méjì. Kauko ò gé èkejì. Ó ju ayùn sílẹ̀, ó jókòó sórí igi tó kù, ó kẹ̀yìn sí ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ni Tuulikki rò. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ò ju ẹyọ kan lọ: pé ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ ẹ lápá kejì Lokki mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù nílùú Pori, ẹ̀rù náà wá dì pọ̀. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀, Jonna lorúkọ rẹ̀, lẹ́nu bí ayùn ṣùgbọ́n ó mọ ọjà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rá kan hàn wọ́n, èyí tí wọ́n máa ń fi iná yá títí á fi lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lára pinpin.

"Bí awọ sọ́sééjì," ni Kauko wí. "Rárá o. Igi ni ọkọ̀ mi. Bẹ́ ẹ bá dì í pa báyẹn, nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi ṣí i lóṣù karùn-ún, olú lẹ máa ká nínú ẹ̀."

Jonna rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ká olú, ẹ ò ní láti wọ igbó mọ́. Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Tápólì búlúù yìí ńkọ́? Owó ẹ̀ ò pọ̀."

"Ìyẹn á máa pa ariwo mọ́ gbogbo ọgbà létí, á sì ti fọ́n ká kí Kérésì tó dé. Á tún ti fi àwọn òrùka irin etí ẹ̀ ha gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ kúrò."

Lórí ìbora tí wọ́n fẹ́ rà fún káráfáànì wọn pẹ̀lú, ilé onítáyà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí àríwá, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Wọ́n mú èyí tó ní òwú rírọ̀ nínú, kí fèrèsé má baà ha. Ṣùgbọ́n kí Kauko tó gbà, ó béèrè pé, "Ṣé ẹnìkan lè dá a wọ̀ fún un?" Jonna ní ẹnìkan lè ṣe é. Ìgbà tí wọ́n dé orí ti ọkọ̀ ojú omi, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń mí, tó ní òpó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tirẹ̀, Kauko tún béèrè ọ̀rọ̀ kan náà.

"Ẹnìkan ṣoṣo ni mo wí o. Láìsí ẹni tó máa dúró lápá kejì."

"Ẹnìkan ṣoṣo, bàbá. Ẹ̀ ń rin yí i po, ẹ̀ ń fa síìpù, ó parí."

Kauko yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Fà á wò."

Tuulikki di ọmọ síìpù náà mú. Ó kéré, ó tutù, ìka rẹ̀ sì ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, kò lọ.

"Èyí ò dáa," ni Kauko wí. "Òmíràn dà?"

Lójú Tuulikki, òun gan-an ni wọ́n ní kò dáa. Jonna mú òmíràn wá, tí síìpù rẹ̀ ní òrùka ńlá tí odindi ìka méjì lè wọ̀. Kauko tún ní kó fà á, ó fà á, ó sì lọ geere títí dé òkè. "Èyí ni," ni Kauko wí, ó sì sanwó láìdúnàá-dúrà, òun tó lè lọ sí ìlú mẹ́ta nítorí ìṣó tó pọ́ọ́kú.

Nínú mọ́tò, bí wọ́n ti ń padà sílé láàárín igbó páìnì, Tuulikki ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ṣé torí bàtà èṣí yẹn ni?"

"Bàtà wo?"

"Má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Bàtà tó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Kauko yí jíà mọ́tò padà. "Mi ò rò nípa bàtà kankan," ni ó wí. Lẹ́yìn èyí, ó ní ó jọ pé òtútù máa tètè dé lọ́dún yìí.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ máa ń pàdé nínú ọgbà ìkọ́kọ̀sí, tí ẹni tó bá tètè parí tirẹ̀ á ran ẹlòmíì lọ́wọ́, tí ìkòkò ọbẹ̀ ẹja sámọ́nì á sì máa hó lórí iná lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń ké sí ẹnikẹ́ni pé wá ràn mí lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí wọn ò ràn lọ́wọ́. Ahti, tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lokki láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, rí àpò tuntun lọ́wọ́ Kauko. Ó figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo Kauko! Lokki ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣòkòtò!"

"Okùn ẹ ni kó o wò, Ahti," ni Kauko dáhùn. "O tún ti so ó mọ́ òpó irin tó gbé ọkọ̀ ẹ dúró. Tí ìjì bá fa aṣọ, aṣọ á fa òpó, ọkọ̀ ẹ á sì wá sùn lé tèmi lórí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Ahti sì lọ ń tú okùn rẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú. Kauko dojú korobá kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó na àpò náà sí Tuulikki.

"Ìwọ ni kó o ṣe é."

"Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan. Mo fẹ́ wò ó."

Inú bí Tuulikki débi tí etí rẹ̀ pọ́n. Ọkọ tó yọ èèyàn níṣẹ́, tó tún ní kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn? Ó gbé àkàbà, ó ki òpó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ àyè wọn, ó na aṣọ náà láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó ń rin yí ọkọ̀ po, ó ń so ó nísàlẹ̀. Ìbínú máa ń fún èèyàn lágbára tí oúnjẹ ò lè fún un. Nígbà tó fi òrùka síìpù kọ́ ìka méjì, tó fà á dé ìdí, ọkọ̀ náà dúró nínú aṣọ rẹ̀ bí ẹni tí télọ̀ wọ̀n dáadáa. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ láti ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Tuulikki yíjú padà. Ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: *O ṣeun, o ti fi hàn mí pé mi ò wúlò mọ́.* Ṣùgbọ́n Kauko ń sunkún. Ó jókòó lórí korobá, ọwọ́ lórí orúnkún, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Lójú Ahti. Lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Tuulikki kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Kí ló dé? Kauko, sọ fún mi. Lónìí, wà á sọ ọ́."

"Nǹkan kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi," ni Kauko wí. "Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní kì í ṣe ohun tí wọ́n lè gé kúrò. Ó ní a lè fi oògùn dá a dúró fúngbà díẹ̀."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Oṣù kẹjọ."

"Oṣù kẹjọ! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹja ń jẹ ìwọ̀ dáadáa nígbà yẹn," ni Kauko wí. "O máa ń kọrin nínú ọkọ̀. Mi ò fẹ́ ba ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́."

Tuulikki wò ó. Ó fẹ́ gbá a létí, ó sì fẹ́ gbé e mọ́ra. Gbogbo àṣírí tó ti rò pé òun rí ti yí padà lójú rẹ̀: kọfí, síìpù tí kò dáa, òrùka ńlá, ẹnìkan ṣoṣo láìsí ẹni tó máa dúró lápá kejì. Ẹnìkan náà kì í ṣe Kauko. Òun ni.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wà á lè dá a ṣe," ni Kauko wí. "Mo ti mọ̀ báyìí. Ara mi balẹ̀."

"Ara tìẹ balẹ̀," ni Tuulikki wí. Ó dìde. Ẹrẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó lọ bá Lokki, ó fi ìka méjì kọ́ òrùka síìpù, ó sì fà á wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Tuulikki!" ni Ahti ké. "Kí lò ń ṣe? Ó ti parí!"

"Mò ń bọ́ aṣọ ọkọ̀ mi. Ahti, mọ́tò akẹ́rù ẹ dà? Ká lọ sílé wa, a fẹ́ kó igi."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Kauko wí. "Mo ti gé igi àárín."

"Mo rí ọ nígbà tó ò ń gé e. Dúró síbẹ̀ kó o jẹ ọbẹ̀ ẹ."

Ó ká ìbora tuntun náà dáadáa, ó dà á padà sínú àpò, ó sì gbé àpò náà lé Kauko lẹ́sẹ̀. "Èyí dáa. O mọ ọjà rà. Ṣùgbọ́n kó dúró ná. Bí ọjọ́ ẹ̀ bá ń bọ̀, kó máa bọ̀, a ò ní lọ pàdé ẹ̀ lọ́nà. Lọ́dún yìí, méjì la ṣì jẹ́."

Wọ́n kó ìbora àtijọ́ dé, òun àti igi òrùlé. Igi àárín wà ní méjì lóòótọ́. Tuulikki ti mú ọ̀kan nínú igi ìrìn-orí-yìnyín Kauko wá, pákó gígùn tó ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ dije nígbà èwe. Ahti fi okùn di í mọ́ igi méjì náà bí ìgbà tí wọ́n bá ń so ẹsẹ̀ tó dá. Ó tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ dúró. Kò sẹ́ni tó pa àwàdà kankan. Àwọn mẹ́rin ló bá wọn fa ìbora náà sókè, torí ó wúwo lóòótọ́, ọwọ́ kan ò sì gbẹ́rù dórí. Nígbà tó kan okùn, gbogbo wọn fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n mọ iṣẹ́ tó jẹ́ tiwọn àti èyí tí kì í ṣe tiwọn.

Tuulikki lọ sí apá tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ èémí gbígbóná sí ìka. Láti apá kejì, ó ń gbọ́ bí Kauko ti ń mí, ohùn tó yẹ kó ti gbọ́ láti oṣù kẹjọ.

"Ó ń bọ̀!"

Bàtà yọ lábẹ́ ikùn ọkọ̀, ó nawọ́ sí i, ìka kọ̀. Bàtà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn sì yọ̀ padà sábẹ́ ọkọ̀. Ahti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tún dá a padà.

"Ó bọ́!" ni Tuulikki pariwo. Lọ́dún tó kọjá kò lè sọ ọ́. "Kauko, ó bọ́ lọ́wọ́ mi! Tún un jù!"

Kauko fa okùn padà. Ó pẹ́. Tuulikki gbọ́ tó wúkọ́, ó gbọ́ tó dúró mí. Kò sáré lọ bá a.

"Ó ń bọ̀!"

Lọ́tẹ̀ yìí kò na ìka rárá. Ó fi apá méjèèjì gbá bàtà náà mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, yanrìn rẹ̀ sì dà sí i lọ́rùn.

"Mo ti mú un!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ẹlòmíì sì ń nu imú. Tuulikki wé okùn mọ́ ọwọ́, ó fà á. Ó le. Kauko wà lópin rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń fà á padà díẹ̀díẹ̀, bó ti máa ń ṣe.

"Ṣé o ti so ó?" ni Kauko béèrè láti apá kejì.

"Rárá," ni Tuulikki dáhùn. "Má tíì jù ú sílẹ̀."

"Mi ò jù ú sílẹ̀."

Ó wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kò so ó, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kó ṣe kíá.